Ẹ̀mú Bọ́tìnnì Alátẹ̀: Aṣọ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Bí bọ́tìnnì bá bọ́ lára ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ iléèwé, ẹ má wulẹ̀ wá bọ́tìnnì náà kiri, ẹ kọ́kọ́ wo aṣọ tó wà níbi tó ti bọ́. Tó bá jẹ́ òwú ló já, ọ̀rọ̀ náà rọrùn, ẹ ó rán òmíràn síbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí bọ́tìnnì náà bá fa aṣọ ya bó ṣe ń jáde, tó sì fi ihò tó tó orí ìka ọmọdé sílẹ̀, kò sí abẹ́rẹ́ tó lè rán bọ́tìnnì mọ́ afẹ́fẹ́. Àfi kí a kọ́kọ́ wá aṣọ tí yóò gbà á dúró. Ọ̀pọ̀ àwọn tó bá ra ẹ̀mú kékeré tí a fi ń kan bọ́tìnnì mọ́ aṣọ gbà pé irinṣẹ́ náà ló ń ṣe iṣẹ́, wọ́n á sì máa bínú sí i tí bọ́tìnnì bá bọ́ lẹ́yìn ìfọ̀ díẹ̀. Mo ti ń lo ẹ̀mú yìí fún àtúnṣe aṣọ, mo sì ń fi í ṣe oríṣiríṣi nǹkan láti ara ègé ankara tó bá ṣẹ́ kù, ohun tí mo sì lè sọ ni pé aṣọ ló ń pinnu bóyá iṣẹ́ náà yóò dúró.

Ẹ̀mú yìí kò tóbi ju pláyà tí àwọn oníṣẹ́ iná mànàmáná ń lò lọ. Ní ẹnu rẹ̀, apá kan jẹ́ àwo kékeré tí wọ́n fi rọ́bà tẹ́ nínú, níbi tí orí bọ́tìnnì máa ń jókòó sí. Apá kejì jẹ́ irin róbótó tó yọ gọngọ díẹ̀ láàárín. Bọ́tìnnì tó ń kàn mọ́ aṣọ ni èyí tí àwọn télọ̀ wa ń pè ní press button, tí èmi yóò máa pè ní bọ́tìnnì alátẹ̀. Odidi ọ̀kan jẹ́ ègé mẹ́rin: orí méjì tí ìṣó ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ wọn, akọ kan, àti abo kan tí akọ náà ń wọ inú rẹ̀. Ìṣó orí kìíní yóò gba inú aṣọ kọjá, a ó fi akọ bọ̀ ọ́ lórí, a ó sì fi ẹ̀mú fún un títí tí ṣóńṣó ìṣó náà yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ, tí kò sì ní lè padà jáde mọ́. Bákan náà ni a ó ṣe abo sí apá kejì aṣọ. Kò sí òwú, kò sí abẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ihò bọ́tìnnì tí a óò gé tí a óò tún fi òwú yí ẹnu rẹ̀ ká, iṣẹ́ tó jẹ́ pé òun ló máa ń gba àkókò jù lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ẹ̀rọ tó ń ṣe é.

Ọgbọ́n yìí ti wà kí bọ́tìnnì alátẹ̀ oníke tó dé. Ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Heribert Bauer ló gba ìwé ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ lórí irú bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀ ní 1885, ṣòkòtò ọkùnrin ló sì ní lọ́kàn nígbà náà. Ní 1903, Hans Prym, tí ilé iṣẹ́ ìdílé rẹ̀ wà ní ìlú Stolberg ní Jámánì, fi wáyà tín-ín-rín tó ń tẹ̀ tó sì ń padà sípò sínú abo, kí akọ lè wọlé kó sì dúró síbẹ̀ láìjẹ́ pé ṣíṣí rẹ̀ di ìjàkadì. Ilé iṣẹ́ Prym ṣì ń ta bọ́tìnnì àti ẹ̀mú ọlọ́wọ́ títí di òní. Ní Amẹ́ríkà, Jack A. Weil, ẹni tó dá ilé iṣẹ́ Rockmount sílẹ̀ ní ìlú Denver ní 1946, sọ ọ́ di ohun tí a fi ń dá ṣẹ́ẹ̀tì àwọn darandaran ibẹ̀ mọ̀. Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀ yéni dáadáa: tí aṣọ bá há mọ́ nǹkan nígbà tí ènìyàn wà lórí ẹṣin, bọ́tìnnì náà á ṣí kí aṣọ tó ya, kò sì ní fa ẹni tó wọ̀ ọ́ lulẹ̀. Èmi ò gun ẹṣin rí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí bí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe ń fa ara wọn lọ́rùn aṣọ lákòókò ìsinmi yóò gbà pé ohun tó bá darandaran mu bá wọn mu pẹ̀lú.

Àǹfààní yìí ní àdéhùn kan, òun sì ni kókó gbogbo ọ̀rọ̀ mi. Kí bọ́tìnnì tó lè ṣí kí aṣọ tó ya, agbára aṣọ gbọ́dọ̀ ju agbára tí akọ àti abo fi di ara wọn mú lọ. Bọ́tìnnì tí a fi òwú rán máa ń pín ìfà náà sí ojú abẹ́rẹ́ púpọ̀; bọ́tìnnì alátẹ̀ dá lé ihò kan ṣoṣo, etí ihò náà ló sì ń jìyà rẹ̀ nígbàkúùgbà tí a bá ṣí i. Tí aṣọ bá jẹ́ ẹyọ kan tó fẹ́lẹ́, ihò náà á máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí orí bọ́tìnnì yóò fi gba inú rẹ̀ jáde wọ̀ọ̀. Nítorí náà, ìpele aṣọ méjì ni ó kéré jù tí mo máa ń fi bọ́tìnnì alátẹ̀ sí, mo sì máa ń fi gum stay, aṣọ tí a ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ kó lè le, sáàárín wọn. Tí gum stay kò bá sí, ègé kọ́tìn tó fún dáadáa á ṣe é.

Fún ṣẹ́ẹ̀tì tí bọ́tìnnì ti fà ya, mo máa ń wá aṣọ ìdí, ìyẹn ègé tí yóò tì í lẹ́yìn, fún un láti ara òun fúnra rẹ̀. Etí ìsàlẹ̀ yúnífọ́ọ̀mù sábà máa ń ní ìṣẹ́po tó pọ̀ tó láti yọ ègé kékeré kúrò níbẹ̀ láìsí ẹni tí yóò mọ̀, àwọ̀ rẹ̀ á sì bá ti aṣọ náà mu nítorí pé omi kan náà ló ti fọ̀ wọ́n. Mo máa ń gé e kó fẹ̀ ju orí bọ́tìnnì lọ yíká, mo máa ń jẹ́ kí igun rẹ̀ rí róbótó kí ó má baà máa ṣí níbi igun, lẹ́yìn náà ni mo máa fi áyọ́ọ̀nù lẹ gum stay mọ́ ọn lẹ́yìn. A ó tẹ́ ègé náà sí inú, lẹ́yìn ibi tó ya, a ó fi òwú tó bá a mu rán yíká etí rẹ̀, a ó tún rán ẹnu ibi tó ya gan-an mọ́ ọn pẹ̀lú ojú abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́. Nígbà tí èyí bá parí ni ẹ̀mú tó kàn. Bí ẹ ti rí i, abẹ́rẹ́ ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kò le. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lára àwọn oníke ni ìwọ̀n 16, 20 àti 24. Orí ìwọ̀n 20 fẹ̀ tó mìlímítà 12, òun ló sì ń ṣe fún ohun púpọ̀ jù. 16 kéré díẹ̀, aṣọ ọmọ ọwọ́ ni a ń lò ó fún; 24 tóbi, báàgì àti aṣọ òjò ni ó wà fún. Ohun tí àwọn tó ń rà kì í béèrè ni gígùn ìṣó, bẹ́ẹ̀ òun ló ṣe pàtàkì jù. Tí aṣọ bá nípọn, bíi jín-ǹsì tí a ṣẹ́ po, ìṣó kúkúrú kò ní yọ orí tó láti tẹ́ lórí akọ. Tí aṣọ bá fẹ́lẹ́, ìṣó gígùn á ṣù jọ, á sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ ki ìṣó bọ aṣọ, kí ẹ fi akọ lé e, kí ẹ sì fi ìka tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ dáadáa láti wo iye tó yọ jáde.

Ihò tí ìṣó yóò gbà kọjá, irin ṣóńṣó onídìímú tó máa ń bá ẹ̀mú wá ni kí ẹ fi lu ú. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé mo rí i bí àwọn ènìyàn ṣe ń fi ẹnu sísọ́ọ̀sì gé ihò náà kó lè yá. Irin ṣóńṣó máa ń ya àwọn òwú aṣọ sí ẹ̀gbẹ́ láì gé wọn, wọ́n á sì padà sún mọ́ ìṣó náà tí wọ́n á dì í mú. Sísọ́ọ̀sì ti gé òwú tó yẹ kó ṣe ìdìmú yẹn. Tí ìṣó bá ti wọlé, ẹ gbé orí bọ́tìnnì sínú àwo ẹ̀mú kó jókòó dọ́gba, kí ẹ rí i pé irin òdìkejì bọ́ sí àárín akọ gan-an, kí ẹ wá fún ọwọ́ ẹ̀mú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú agbára tó ṣe déédéé. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ gbé e sún mọ́ ojú. Ṣóńṣó ìṣó gbọ́dọ̀ tẹ́ yíká, kó fẹ̀ dọ́gba ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Tó bá wọ́ sí ọ̀tún tàbí sí òsì, yóò bọ́ lọ́jọ́ kan. Ẹ fi èékánná gbìyànjú àárín akọ àti aṣọ, kò yẹ kó ráyè wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ pa akọ àti abo pọ̀, kí ẹ ṣí i, kí ẹ tún un pa, kí ẹ tún un ṣí, kí aṣọ náà tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Iṣẹ́ tó dùn mọ́ mi jù láti fi ẹ̀mú yìí ṣe ni aṣọ àwọn àgbàlagbà tí a ń bá wọṣọ. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá kan rẹ̀ kì í lè gbé apá náà sókè, bẹ́ẹ̀ orí ni a sì ń gba bọ bùbá. Ọ̀pọ̀ ìdílé á kàn pa bùbá tì, wọ́n á máa fi aṣọ ilé ìwòsàn tàbí ṣẹ́ẹ̀tì gbàǹgbà wọ màmá tó jẹ́ pé gbogbo ayé rẹ̀ ló fi wọ ìró àti bùbá. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Bùbá ní àǹfààní kan tí àwọn aṣọ mìíràn kò ní: ní gígé rẹ̀ àtijọ́, aṣọ tí a ṣẹ́ po ni, kò sí ìránpọ̀ ní èjìká. Nítorí náà, ẹ lè tẹ̀ lé ojú ìṣẹ́po náà láti ọrùn títí dé ẹnu apá, ní ìhà tí ara kò ti dá, kí ẹ gé e ṣí. Ẹ ó wá rán ègé aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ onípele méjì, tó fẹ̀ tó íǹṣì kan àti ààbọ̀, sí abẹ́ etí kọ̀ọ̀kan, kí etí iwájú lè gun orí etí ẹ̀yìn díẹ̀. Ibẹ̀ ni bọ́tìnnì alátẹ̀ yóò tò sí. Tí a bá fẹ́ wọ̀ ọ́ fún màmá, apá tó dá yóò kọ́kọ́ wọlé, orí yóò tẹ̀ lé e láìsí wàhálà, a ó sì tẹ́ aṣọ náà lé apá tó ń rọ̀, a ó tẹ bọ́tìnnì pa láti ọrùn wá sísàlẹ̀. Bí bọ́tìnnì náà bá bá àwọ̀ ankara mu, ẹni tó bá wá kí màmá yóò rò pé àrà tuntun ni télọ̀ dá.

Ohun méjì ni kí ẹ ṣọ́ra fún níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹ má fi bọ́tìnnì kankan sí ibi tí ara máa ń tẹ̀ mọ́ ibùsùn, pàápàá ẹ̀yìn àti ìgbáròkó, torí pé ohun líle kékeré tí awọ arúgbó bá sùn lé fún ìgbà pípẹ́ lè dá egbò sílẹ̀. Ìkejì, títẹ̀ ẹ́ pa ń fẹ́ agbára àtàǹpàkò ju ṣíṣí i lọ. Tó bá jẹ́ pé àgbàlagbà náà fúnra rẹ̀ ni yóò máa wọ̀ ọ́, tí oríkèé ìka rẹ̀ sì ń dùn ún, bọ́tìnnì onímágínẹ́ẹ̀tì á rọrùn fún un jù. Àmọ́ ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń darí lílù ọkàn sí láyà kò gbọ́dọ̀ sún mágínẹ́ẹ̀tì mọ́ àyà rẹ̀, nítorí ó lè da iṣẹ́ ẹ̀rọ náà rú. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, alátẹ̀ oníke ni kí a lò, kí ẹlòmíràn sì máa bá a tẹ̀ ẹ́.

Àwọn aṣọ kan wà tí mi ò ní fi ẹ̀mú yìí kàn láé. Aṣọ òkè ni àkọ́kọ́: òwú rẹ̀ nípọn, híhun rẹ̀ sì máa ń fàyè sílẹ̀, ìṣó á kàn ti àwọn òwú náà sọ́tọ̀, wọn kò sì ní padà dì mọ́ ọn. Léèsì àti ṣífọ́ọ̀nù kò nílò àlàyé. Gínnì tí a ń fi sítáàṣì gbá náà kò bá a mu, ìdí rẹ̀ sì ni iná. Irú ike tí wọ́n sábà fi ń ṣe àwọn bọ́tìnnì yìí, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní polyacetal, máa ń yọ́ ní ìwọ̀n ooru bíi 165 sí 175 ní Celsius, bẹ́ẹ̀ áyọ́ọ̀nù tí a ṣí dé ipò kọ́tìn lè gbóná tó 200. Omi gbígbóná kò lè ṣe é ní ohunkóhun. Ojú áyọ́ọ̀nù tó bá fara kàn án tààrà ni yóò bà á jẹ́, yóò sì tún fi ike yíyọ́ sílẹ̀ lójú áyọ́ọ̀nù fún ẹni tó ni ín. Ẹ lọ̀ ọ́ yí bọ́tìnnì ká. Tó bá jẹ́ aṣọ ọkùnrin tí ń lọ òde pẹ̀lú sítáàṣì líle, ẹ jẹ́ kí télọ̀ fi òwú rán bọ́tìnnì rẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àdìrẹ tí a ṣe sórí kọ́tìn gbà á, tí a bá ti fi aṣọ tì í lẹ́yìn.

Aṣọ tó ń fà bíi singlet ọmọ ọwọ́ ní bọ́tìnnì tirẹ̀: dípò ìṣó kan láàárín, òrùka irin tó ní eyín wẹ́wẹ́ yíká ló ń di aṣọ mú, kí ìfà lè pín kiri. Ẹ má fi oníṣó kan ṣoṣo sí i. Ẹ sì bi olùtajà léèrè bóyá nickel wà nínú irin náà, nítorí ohun èlò yìí máa ń mú kí ara àwọn kan sú. Ní ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, ọ̀rọ̀ náà ju ti ẹwà lọ. Òfin Amẹ́ríkà fi òfin de ohun ìṣeré tó ní ègé kéékèèké tó lè há ọmọ tó bá wà ní irú ọjọ́ orí yẹn lọ́fun, bọ́tìnnì tó bọ́ sì bọ́ sínú ọ̀wọ́ yẹn gan-an. Bíbù tí a ń so mọ́ ọmọ lọ́rùn tàbí ọmọláńgidi tí mo bá kàn bọ́tìnnì sí, mo máa ń fa bọ́tìnnì náà pẹ̀lú gbogbo agbára ọwọ́ mi. Èyí tó bá mì díẹ̀, mo yọ ọ́ nìyẹn.

Níbi iṣẹ́ ọwọ́, ègé ankara ni ọba. Páàdì nǹkan oṣù tí a ń fọ̀ tún lò ló kọ́ mi ní ohun púpọ̀ jù nípa ibi tó yẹ kí bọ́tìnnì wà. Apá rẹ̀ méjèèjì tó ń ṣẹ́ yí pátá ká ni bọ́tìnnì ń wà, kí orí rẹ̀ sì kọjú síta, kúrò lára. Tí ẹ bá fi akọ méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní apá kan, ẹni tó lò ó á lè yan èyí tó bá fífẹ̀ pátá rẹ̀ mu. Ẹ má lu ihò kankan sí àárín tó ń gba ẹ̀jẹ̀ dúró, torí pé aṣọ tí omi kì í là kọjá tó wà nísàlẹ̀ kò wúlò mọ́ tí a bá ti lu ú.

Fún àpò kékeré olómorí, àkókò tí a kan bọ́tìnnì ṣe pàtàkì ju ẹ̀mú lọ. Ẹ kan apá ti ara àpò nígbà tí ẹ kò tíì rán aṣọ inú mọ́ ọn, kí ẹ̀yìn bọ́tìnnì lè fara pamọ́ sáàárín aṣọ méjèèjì. Gum stay yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Tí ó bá ku ti ọmọrí, ẹ má fi ojú díwọ̀n ibi tí yóò bọ́ sí. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì télọ̀ pa orí akọ tó ti wà lára àpò, ẹ kó ohun tí àpò náà yóò máa gbé sínú rẹ̀, kí ẹ wá pa ọmọrí dé, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì bá kàn lábẹ́ ọmọrí ni kí ẹ lù. Àpò tí a wọn nígbà tó ṣófo kì í pa dé tí fóònù bá wọ inú rẹ̀.

Tí bọ́tìnnì bá wọ́, ó ṣeé yọ láì ba aṣọ jẹ́. Ẹ má fi abẹ gé e láti ẹ̀yìn. Ẹ fi ìgékánná ńlá tàbí ẹ̀mú agéwáyà gé ìṣó tó ti tẹ́ náà láàárín akọ, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi já. Akọ á bọ́ síwájú, orí á bọ́ sẹ́yìn. Ègé méjèèjì yẹn kò wúlò mọ́. Ihò tó kù lè gba òmíràn tí etí rẹ̀ kò bá tíì fẹ̀, tó bá sì ti fẹ̀, ẹ padà sọ́dọ̀ abẹ́rẹ́ àti aṣọ ìdí. Ẹni tó fẹ́ kan púpọ̀ lójúmọ́, tó ń ṣe páàdì tà fún àpẹẹrẹ, kò ní pẹ́ tí ọrùn ọwọ́ yóò fi máa dùn ún; ẹ̀rọ ìtẹ̀ tó ń jókòó sórí tábìlì ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rà. Fún àtúnṣe ilé, ẹ̀mú ọlọ́wọ́ ti tó, kí ẹ ṣáà máa yẹ rọ́bà inú àwo rẹ̀ wò, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá ti jẹ, nítorí òun ló ń mú kí orí bọ́tìnnì jókòó dọ́gba.